Ẹsẹ̀ Ta Ni Ẹ̀fúùfù Fi Ń Sáré?

Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè ni àṣírí náà kọ́kọ́ yọjú, kì í sì í ṣe àgọ́ ọlọ́pàá ló ti yọjú. Orí tábìlì bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe ni. Bàtà eré ìje pupa kan ni wọ́n gbé wá, ẹni tó ni ín ní kí wọ́n bá òun fẹ iwájú rẹ̀ díẹ̀ torí pé ó ń há òun lọ́mọ ìka. Bàbá Oníbàtà dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó fi àtàǹpàkò ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe bàtà náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ ketekete, lẹ́tà kan ṣoṣo ò tíì pa rẹ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni bàtà yìí ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lójú ogójì èèyàn pé bàtà náà ni òun fi sá eré ẹlẹ́mìí ẹṣin mẹ́ta, kìlómítà méjìlélógójì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdún kẹrìndínlógójì rèé tí Bàbá Oníbàtà ti ń tún bàtà ṣe. Bó bá ti wo bàtà, ó mọ ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀, ó mọ ẹni tó ń gbé ara lé gìgísẹ̀, ó mọ ọkọ tó máa ń yọ́ wọlé. Bàtà tó sá ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ tí kò sì mọ̀ pé òun jáde nílé, kò tíì rí irú rẹ̀ rí.

"Bóyá ó ń fò ni," ló sọ fún ara rẹ̀. Ó gbé bàtà náà sọ́tọ̀.

Ẹ̀fúùfù ni gbogbo èèyàn ń pe ẹni tó ni bàtà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn onílé wá ayálégbé, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé ó lè mú ọ wọ yàrá tí òjò ń jò sí, kó o máa dúpẹ́ pé omi wà nínú ilé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni, ikùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Síbẹ̀, láàárín ọdún méjì, òun lẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú Ẹgbẹ́ Asáré. Mẹ́dààlì tó bá gbà lọ́jọ́ Àìkú, ọrùn rẹ̀ ló máa wà di ọjọ́ Ẹtì. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó tiẹ̀ ti wá di olùkọ́: èèyàn méjìlélógún ló ti sanwó kó lè kọ́ wọn bí asáré ṣe ń mí.

Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Àwọn awakọ̀, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló kóra jọ síbẹ̀, wọ́n ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Sátidé nínú gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn ilé ìkàwé. Wọn á sáré, wọn á wẹ̀, wọn á mu tíì, wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣe ipò kìn-ín-ní, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ṣe ìkẹyìn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí kò sáré rárá torí pé ó ronú nípa rẹ̀. Bàbá Oníbàtà gan-an ló sábà máa ń ṣe ìkẹyìn. Wọn á ti máa ká okùn kúrò lójú pópó kó tó dé, orúkọ rẹ̀ á sì tún wà lára pátákó pẹ̀lú ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń gba gbogbo ayé gbọ́ báyìí, ẹlẹ́tàn ò ní wá òmíràn lọ.

Ká ní àtẹ́wọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà mọ, ẹ̀rín là bá fi rín in. Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, àwọn tó ń ṣètò eré ńlá kan lókè òkun fún ẹgbẹ́ náà ní àyè ẹnì kan, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú àti ibùsùn. Ẹni tí àpapọ̀ àsìkò rẹ̀ bá kúrú jù nínú eré méjì ló máa lọ. Obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aránṣọ, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ìdájí ló máa ń sáré kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú báńdéèjì lórúnkún méjèèjì. Ìlú tí wọ́n ti fẹ́ sá eré yẹn ni ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé. Ó ti bímọ níbẹ̀, ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ta, ojú fóònù nìkan ni ìyá àgbà ti mọ̀ ọ́n. Nínú eré àkọ́kọ́, Ìyá Aránṣọ sáré bí kò ṣe sáré rí láyé rẹ̀. Ẹ̀fúùfù fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá ṣáájú rẹ̀. Obìnrin náà wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sunkún tán, ó bọ́jú, ó jáde wá, ó sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tí bàtà yẹn dé, bàtà mìíràn tún dé. Pupa ni, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà. Àbúrò ìyàwó Ẹ̀fúùfù ló gbé e wá, ọ̀dọ́kùnrin ẹni ọgbọ̀n ọdún kan tó ń pín lẹ́tà, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi rúlà. Kò sí nínú ẹgbẹ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé ó máa ń gbé báàgì Ẹ̀fúùfù tẹ̀ lé e.

"Bàtà ta nìyí?"

"Tèmi ni, bàbá."

"Kí lo fi ń ṣe?"

"Mo fi ń pín lẹ́tà."

Bàbá Oníbàtà dojú bàtà náà bolẹ̀. Iwájú rẹ̀ ti jẹ tán, ó kù díẹ̀ kó lu. "Ẹni tó ń rìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ. Iwájú ni tìẹ jẹ. Ṣé o máa ń sá tẹ̀ lé àwọn tó ni lẹ́tà ni?"

"Ajá pọ̀ ládùúgbò yẹn, bàbá."

"Ajá wo ló lé ọ títí bàtà fi fẹ́ lu?"

Apínlẹ́tà wo ilẹ̀.

"Níbo lo wà lọ́jọ́ eré tó kọjá?"

"Mo sùn."

"Di ìgbà wo?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ má bi mí ní nǹkan kan. Yàrá tí mò ń gbé, ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló wà."

Bàbá Oníbàtà ò tíì bi í ní ohunkóhun nípa yàrá. Kò bá a jà. Ó lẹ bàtà náà fún un, ó sì sọ fún un pé kó padà wá mú un lọ́jọ́ Sátidé.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé náà, bàbá gbé bàtà méjèèjì lọ sí gbọ̀ngàn. Nígbà tí àtẹ́wọ́ lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó dìde, ó tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn sókè, ó sì sọ ohun tó rí. Ojú Ẹ̀fúùfù ò tiẹ̀ yí padà.

"Ẹ ṣeun, bàbá," ló wí. "Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gan-an lẹ sọ yẹn. Èmi kì í tẹ ilẹ̀. Mo máa ń fò kọjá lórí rẹ̀ ni."

Méjì nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ yọ ìwé jáde, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó sì fi aṣọ ìnura nu ojú tó gbẹ. Ó ní òun mọ̀ pé kò rọrùn fún àgbàlagbà láti máa ṣe ìkẹyìn lọ́dọọdún. Ó ní òun ti dárí ji bàbá. Alága ẹgbẹ́, ìyá kan tó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé fún ogún ọdún kó tó fẹ̀yìn tì, wo Bàbá Oníbàtà bí ẹni ń wo ọmọ tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìsọkúsọ sára ògiri.

"Nínú ẹgbẹ́ yìí, a kì í fa ara wa sẹ́yìn. Ẹ tọrọ àforíjì."

Bàbá Oníbàtà tọrọ àforíjì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un pé ó nígboyà láti tọrọ rẹ̀. Ẹnì kan gé kéèkì fún un.

Níta, lẹ́bàá ọkọ̀, Ẹ̀fúùfù fọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ń bójú tó ilé tí ṣọ́ọ̀bù yín wà?"

"Ìwọ ni."

"Ó dáa tẹ́ ẹ rántí. Oṣù ń parí lọ. Bí ọ̀rọ̀ bàtà yẹn bá tún jáde lẹ́nu yín, etí títì lẹ ó ti máa tún bàtà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ju ọwọ́ sí àwọn èèyàn, ó sì wọ ọkọ̀ lọ. Ilé rẹ̀ ò ju títì méjì lọ síbẹ̀.

Bàbá Oníbàtà ì bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà jù sílẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù yẹn lòun àti ìyàwó rẹ̀ fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ìyá Aránṣọ wọlé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú tẹ́ẹ̀pù ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó gbé fọ́tò méjì kalẹ̀, èyí tó yọ kúrò lára pátákó gbọ̀ngàn. Àwọn ayàwòrán tó ń dúró lójú ọ̀nà eré ló yà wọ́n. Nọ́ńbà ọgọ́ta ló wà láyà ẹni inú méjèèjì, fìlà pupa kan náà, awò dúdú kan náà.

"Bàbá, èyí ni kìlómítà ogójì. Èyí ni ibi tí eré parí. Nọ́ńbà Ẹ̀fúùfù ni ọgọ́ta."

"Mo rí i."

"Ẹni tí mo bá ti wò lẹ́ẹ̀kan, mo mọ ìwọ̀n rẹ̀. Èjìká ẹni tó wà ní kìlómítà ogójì yìí ò ju ínṣì mẹ́rìndínlógún lọ. Tẹni tó parí eré yìí, ogún pé. Kò sẹ́ni tó ń sanra láàárín kìlómítà méjì."

Lẹ́yìn náà obìnrin náà ní, "Mo pàtẹ́wọ́ fún un, bàbá. Mo dìde dúró pàtẹ́wọ́ fún un."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Oníbàtà fẹsẹ̀ rin ojú ọ̀nà eré náà láti kìlómítà ogójì títí dé òpin. Ògiri gíga wà lápá kan, odò wà lápá kejì. Ibì kan ṣoṣo ló wà tí èèyàn lè wọ̀ kí ẹlòmíràn sì jáde: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò onílẹ̀kùn méjì, létí ọgbà ìṣeré kan, ní kìlómítà kọkànlélógójì. Ó yà lọ sílé Alága.

"Ẹ jẹ́ ká jọ pín omi lọ́jọ́ eré kejì, mà. Ní kìlómítà kọkànlélógójì."

"Ṣé kẹ́ ẹ lè tún ba èèyàn lórúkọ jẹ́ ni?"

"Kẹ́ ẹ lè rí i pé irọ́ ni mo pa. Bí irọ́ bá ni, màá kúrò nínú ẹgbẹ́."

Alága gbà, torí ó wù ú kó rí ìparí ariwo náà. Ìyá Aránṣọ ní òun náà á wá ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, Bàbá Oníbàtà ní ó tì. "Sáré tìẹ. Bí a bá mú un tí ìwọ ò sáré, ta ló máa lọ wo ọmọ?"

Ọjọ́ eré pé. Oòrùn mú. Láti aago mẹ́sàn-án ni Bàbá Oníbàtà àti Alága ti dúró sídìí tábìlì omi, ní òdìkejì ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àbọ̀, Alága fọwọ́ gbá a níhà. Ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì gígùn nínú ooru ọ̀hún, tó fa fìlà bojú, gba ẹ̀yìn ọgbà wá. Ó ra omi ìgò méjì lọ́wọ́ obìnrin kan, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sì jáde.

"Ó lè jẹ́ pé inú ń run ún," ni Alága wí.

Ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, nọ́ńbà ọgọ́ta yọ ní igun títì. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń sá bí ẹni tí ẹsẹ̀ ò dùn rí, òógùn ti fún aṣọ mọ́ ọn lára. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yà wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí nọ́ńbà ọgọ́ta fi jáde. Ó ti sanra. Omi ìgò ń ro tótó lórí rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó da ojú rú bí ẹni tí ìyà ti jẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Bàbá Oníbàtà sọdá, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì. Apínlẹ́tà jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri, kò sí nọ́ńbà láyà rẹ̀ mọ́, ó ń mu omi tó kù nínú ìgò. Kò sá.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," ló rọra wí.

Alága dé ẹnu ọ̀nà, ó rí i, ó sì yíjú padà sójú pópó. Fèrè tó fi ń kó ọmọ ilé ìwé jọ láyé ọjọ́un ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fọn ọ́n. "Ẹ̀fúùfù. Dúró síbẹ̀."

Ẹ̀fúùfù bojú wẹ̀yìn. Ó rí ìyá náà, ó rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó fo okùn ojú ọ̀nà, ó kó sínú títì tó lọ sẹ́yìn ọgbà. Bàbá Oníbàtà bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, kò sì kúrò lórí ìwọ̀n eré tó fi ń ṣe ìkẹyìn láti ọjọ́ yìí. Fún ọgọ́rùn-ún mítà, Ẹ̀fúùfù jọ orúkọ rẹ̀. Ní igba mítà, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọ̀ọ́dúnrún, ó dì mọ́ òpó iná, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí bàbá tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tún já ara rẹ̀ gbà. Ọkọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wà ní igun títì. Ó ṣubú lulẹ̀ síwájú rẹ̀, ó gbá àyà mú.

Wọ́n gbé e wọ inú ọkọ̀. Ilẹ̀kùn ti fẹ́ pa dé nígbà tí Bàbá Oníbàtà dé.

"Ẹ yàgò, bàbá," nọ́ọ̀sì wí. "Ọkàn wọn ń lù kíkankíkan. Kìlómítà mélòó ni wọ́n ti sá?"

"Ọ̀ọ́dúnrún mítà," ni Bàbá Oníbàtà wí. "Mo wà lẹ́yìn wọn."

Ọlọ́pàábìnrin tó ń darí ọkọ̀ ní oríta ti gbọ́ fèrè, ó dé pẹ̀lú Alága. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá Ẹ̀fúùfù lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é ju pé kò mọ eré sá. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó kọ́kọ́ sẹ́. Ó ní àbúrò ìyàwó òun ló jí nọ́ńbà òun. Ọlọ́pàábìnrin náà tò fọ́tò ọdún méjì síwájú rẹ̀.

"Eré mélòó?"

"Ẹyọ kan ni."

"Eré mélòó?"

"Méje."

"Àwọn èèyàn méjìlélógún tó o gbowó wọn, kí lo kọ́ wọn?"

"Bí wọ́n ṣe ń mí."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?"

Ẹ̀fúùfù bọ́ fìlà pupa rẹ̀ kalẹ̀.

"Ta ló fipá mú ọmọ yẹn?"

"Mo ní kó yan èyí tó bá wù ú. Kó sáré, tàbí kó kó ẹrù rẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò kúkú sá tìẹ? Wọ́n ní àwọn èèyàn yẹn ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá ṣe ìkẹyìn pàápàá."

"Ìyẹn ò tó mi," ni Ẹ̀fúùfù wí, ó sì fọwọ́ bojú.

Ìyàwó rẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun náà ti máa ń pàtẹ́wọ́. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó máa lé e kúrò ní yàrá rẹ̀. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó lọ wá ibòmíràn gbé, torí iṣẹ́ tó mọ̀ kúkú nìyẹn. Onílé tó ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Oníbàtà gba àbójútó ilé náà lọ́wọ́ Ẹ̀fúùfù láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Àwọn tó ṣètò eré pa gbogbo àsìkò rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní kí apínlẹ́tà má sá eré kankan fún ọdún kan. Tíkẹ́ẹ̀tì náà bọ́ sọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù láti sọ fún un, ẹkún ló sì bú sí. Ọmọ náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹkún.

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn kún, kò sì sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ ṣe. Alága dìde, ó kojú sí Bàbá Oníbàtà, ó tọrọ àforíjì. Àwọn kan ti gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ má pàtẹ́wọ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó dùn mí díẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe apínlẹ́tà síwájú. Ìyá Aránṣọ ló ní kí wọ́n pè é. Ó ní kó sọ bó ṣe sá eré méje náà, torí pé àwọn ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn jù. Ọ̀dọ́kùnrin náà fọwọ́ pa ṣòkòtò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó sọ òkè tó wà ní kìlómítà kẹtàlá. Ó sọ atẹ́gùn etí odò tó ń ti èèyàn padà. Ó sọ obìnrin arúgbó kan tó máa ń dúró lójú fèrèsé ní gbogbo ìgbà, tó máa ń pe ọgọ́ta, ọgọ́ta, títí á fi kọjá. Nígbà tó dé kìlómítà kọkànlélógójì, ó dákẹ́.

"Máa sọ ọ́ lọ," ni Alága wí.

"Ó tán, mà. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí. Mi ò mọ bí ìparí ṣe rí."

Ìyá Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀ le.

"Kìlómítà kan àti díẹ̀ ló kù," ló wí. "Kì í ṣe eré ìje. Wọn ò ní ká má fẹsẹ̀ kàn án. Ó yá, dìde."

Ogójì èèyàn jáde láti gbọ̀ngàn yẹn. Wọ́n wọ ọkọ̀ dé etí ọgbà, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí apínlẹ́tà fi dé ibi tí eré máa ń parí sí. Okùn ò sí níbẹ̀, aago ò sí, ìlà funfun tó ti ń ṣí nìkan ló wà lójú títì. Ó dúró lórí rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, títí àwọn yòókù fi ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Oníbàtà ló ṣe ìkẹyìn.